Ọmọ tí wọ́n ti sin, orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2025, ọmọdébìnrin kan ń kọrin lórí amóhùnmáwòrán. Fanny ni orúkọ rẹ̀ nínú eré náà. Orin ọ̀hún kò le rárá: orin ìdùnnú ni, nípa ẹni tó fẹ́ràn láti máa najú ní etí òkun. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan tó wà nítòsí ti gbọ́ ọ, àyà rẹ̀ já. Ó bi ọmọ náà léèrè ibi tó ti kọ́ orin yẹn. Ọmọ náà dá a lóhùn pé ìyá òun ni ó kọ́ òun.

Ìbéèrè kékeré, ìdáhùn kékeré. Síbẹ̀, wọ́n dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàrin àwọn òǹwòran. Ìdí ni pé ọdún 1778 ni Fanny ń gbé nínú ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ ni ọdún 1907 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orin yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni ọmọdé ṣe lè mọ orin tó ṣì ku ọdún 129 kí wọ́n tó kọ ọ́?

Outlander ni wọ́n ń pe eré náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó túmọ̀ sí àjèjì. Obìnrin òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Diana Gabaldon, ló kọ àwọn ìwé tí wọ́n fi ṣe é. Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991. Àwọn tó ń ka Faransé mọ àwọn ìwé náà sí Le Chardon et le Tartan. Ilé-iṣẹ́ Starz ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré náà hàn ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Wọ́n pín in sí ìpín-ìpín, ìpín kọ̀ọ̀kan sì ní apá púpọ̀, bí ìwé ńlá ti máa ń ní orí. Ìpín keje ní apá 16. Wọ́n fi apá 8 hàn ní ọdún 2023, lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kí àwọn òǹwòran dúró fún oṣù 15 kí wọ́n tó rí 8 yòókù. Ẹni tó bá fi oṣù 15 retí nǹkan kì í fi ojú yẹpẹrẹ wo bí ó ṣe parí.

Obìnrin tó gbọ́ orin Fanny ni Claire, tí òṣèré ará Áyálándì, Caitríona Balfe, ń ṣe. Nọ́ọ̀sì ni Claire nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 1945, nígbà tí ogun ti parí, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sinmi ní ilẹ̀ Skọ́tlándì. Ó dé orí òkè kan tí àwọn òkúta gíga dúró yíká, ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, ìgbà tí ojú rẹ̀ máa là, ó ti bá ara rẹ̀ ní ọdún 1743. Níbẹ̀ ni ó ti fẹ́ Jamie Fraser, jagunjagun ará Skọ́tlándì, tí Sam Heughan ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ní ọkọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyẹn gùn, kò sì kan ti òní.

Ọ̀nà inú òkúta yìí ní òfin tirẹ̀. Ọdún 202 ló wà láàrin ìhà méjèèjì, bí ọdún kan bá sì ti ń kọjá níhìn-ín ni ọdún kan ń kọjá lọ́hùn-ún. Ẹ fi 202 kún 1743, ẹ ó rí 1945. Ẹ fi í kún 1746, ọdún tí Claire padà sí ìgbà tirẹ̀, ẹ ó rí 1948. Irú ìṣirò báyìí wà lára ohun tó mú kí àwọn òǹwòran fẹ́ràn eré náà. Ìtàn àròsọ ni, gbogbo ènìyàn ló mọ̀, ṣùgbọ́n àròsọ tó ní ìdí ni: àwọn nǹkan kan lè ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn nǹkan kan kò sì lè ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rò pé kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́ ni kí ọmọ Claire tó kú ní Paris tún di alààyè.

Ní ọdún 1744 ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣẹlẹ̀. Claire àti Jamie ń gbé ní Paris, Claire sì lóyún. Oṣù rẹ̀ kò pé. Ní Hôpital des Anges, ilé ìwòsàn tí àwọn sìsítà ìjọ Àgùdà ń tọ́jú, ó bí ọmọbìnrin kan tí kò mí. Àgbà àwọn sìsítà náà ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì sọ ọ́ ní Faith, ìyẹn Ìgbàgbọ́. Claire gbé òkú ọmọ náà mọ́ àyà, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun. Orin etí òkun yẹn ni ó ń kọ fún un. Nígbà tó pẹ́ títí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin kan wá, ó sì rọra gba ọmọ náà. Wọ́n sin ín. Lẹ́yìn náà, bàbá àti ìyá lọ sí ibojì rẹ̀ pọ̀, Jamie sì fi ṣíbí fàdákà kékeré kan lélẹ̀ níbẹ̀.

Oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni wọ́n fi apá yẹn hàn, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì kà á mọ́ àwọn apá tó dára jù lọ nínú gbogbo eré náà. Nígbà tí obìnrin bá pàdánù ọmọ tuntun, Yorùbá máa ń sọ fún un pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ọ̀nà láti bẹ ìyá náà pé kí ó má sunkún pẹ́. Eré náà kò bẹ Claire. Ó jẹ́ kí ó sunkún títí, àwọn tó sì ti sunkún irú rẹ̀ rí ní ilé tiwọn rí ara wọn nínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ àti oṣù díẹ̀ kọjá lórí ibojì yẹn. Lẹ́yìn náà ni apá tó kẹ́yìn nínú ìpín keje dé. Ogun òmìnira Amẹ́ríkà ń lọ lọ́wọ́. Claire ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nígbà ogun Monmouth, ìbọn sì bà á. Bí ó ti dùbúlẹ̀ láàrin ikú àti ìyè, Master Raymond, oníṣègùn tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là ní Paris nígbà náà, fara hàn án, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ohun tó ṣe. Claire yè é. Fanny, tí kò ní òbí mọ́, wà lọ́dọ̀ wọn. Ó ní ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn kan tí àwòrán ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì ni Faith. Lẹ́yìn èyí ni orin. Claire kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì sọ fún Jamie pé ọmọ àwọn kò kú. Eré parí síbẹ̀.

Àwọn kan fò sókè fún ayọ̀. Wọ́n ní orúkọ nìkan kò lè jẹ́ ẹ̀rí, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń jẹ́ Faith. Ṣùgbọ́n orin kò lè rìn láti ọdún 1907 wá sí ọdún 1778 láìsí ẹni tó gbé e wá. Àwọn mìíràn fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wọ́n gbà pé ọmọ náà yè: ṣé ọmọ ọjọ́ kan a máa há orin sórí ni? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá rẹ̀ kọ ọ́ fún un. Àwọn ti àkọ́kọ́ ní Raymond ni ìdáhùn: òun ló jí ọmọ náà, òun ló fi pa mọ́, òun náà ló sì lè fi orin náà kọ́ ọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àforíjì kí ni ó ń tọrọ? Ìdáhùn yìí bá òfin ìtàn náà mu, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù kì í ṣe ti ìṣirò. Ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ibojì kan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé eré yóò wá ṣí nígbà tó bá nílò ìyàlẹ́nu. Wọ́n ti bá Claire ṣọ̀fọ̀. Lójú wọn, ńṣe ni wọ́n gba ọ̀fọ̀ náà padà lọ́wọ́ wọn. Ẹjọ́ wọn tọ́. Obìnrin tó sin ọmọ tirẹ̀ mọ̀ pé kò sí Raymond kankan tí yóò wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ èèwọ̀. Fanny ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Jane. William, ọmọkùnrin tí Jamie bí fún obìnrin mìíràn, ti bá Jane sùn. Bí Faith bá jẹ́ ọmọ Jamie lóòótọ́, a jẹ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n William ni Jane. Kò pẹ́ rárá tí àwọn òǹwòran fi ṣe ìṣirò ìyẹn náà, ọ̀pọ̀ sì bínú.

Jane yìí gan-an ni ariwo orin náà bò mọ́lẹ̀, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó pa ọ̀gágun kan nítorí pé ọkùnrin náà fẹ́ ba Fanny jẹ́. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. William bẹ Jamie, àwọn méjèèjì sì wọ ibi tí wọ́n tì í mọ́ lóru láti gbà á sílẹ̀. Òkú rẹ̀ ni wọ́n bá. Ó ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí àwọn tó dá a lẹ́jọ́ tó gbà á. Bí ọ̀rọ̀ Claire bá jẹ́ òtítọ́, Jamie dúró lórí òkú ọmọ ọmọ rẹ̀, kò sì mọ̀. Láàrin apá kan ṣoṣo ni Claire rí ọmọ tó ti sin, tí ó sì pàdánù ọmọ tí ọmọ náà bí. Èyí lágbára ju àdììtú orin lọ, ṣùgbọ́n eré náà kò fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti mí kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Starz kéde pé ìpín kẹjọ ni yóò kẹ́yìn eré náà. Ìbéèrè tí ìpín keje gbé kalẹ̀ fún un kò ju méjì lọ: ta ló gbé ọmọ náà jáde kúrò ní Hôpital des Anges, kí ló sì wà nínú ibojì tí Jamie fi ṣíbí rẹ̀ sí?