Bedford tí a fi ń gbé kòkó: àwọn òyìnbó ń kẹ́ ẹ bí ẹyin, àwa ń gé e tà ní àjákù irin

Bí oṣù karùn-ún ọdún bá ti ń wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìran kan máa ń wáyé lójú títì tó lọ láti Lọ́ńdọ̀nù sí Brighton létí òkun, èyí tí ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ rí i yóò fọwọ́ nu ojú kó tó gbà á gbọ́. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ni yóò máa tò tẹ̀lé ara wọn: Leyland, Foden, Scammell, AEC, Bedford. Ẹlòmíràn nínú wọn dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ. Púpọ̀ wọn kò gbé ẹrù kankan, kò sí èrò tó sanwó, kò sì sí ọlọ́jà tó ń retí wọn níbi tí wọ́n ń lọ. Nǹkan bí ọgọ́ta máìlì ni ìrìn náà. Bí wọ́n bá sì dé etí òkun, wọn yóò to àwọn ọkọ̀ sílẹ̀, èrò yóò yí wọn ká, wọn yóò máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, wọn yóò máa fi ọwọ́ ra ọ̀dà ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn ń ra ẹṣin ọba lọ́rùn. Ẹgbẹ́ Historic Commercial Vehicle Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1958, ló ń ṣètò rẹ̀. Ọdún 1962 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kòkó kò ní pẹ́ dá ọ̀kan mọ̀ láàrin wọn. Yóò ní, "Bedford bàbá wa rèé!" Irọ́ kọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn òyìnbó ń kẹ́ lónìí, àwa náà ti jẹun lára rẹ̀ rí.

Ilé-iṣẹ́ Vauxhall ní ìlú Luton ló ń ṣe Bedford. General Motors ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ra Vauxhall láti ọdún 1925, ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tò pọ̀ fún ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1931 ni wọ́n gbé ọkọ̀ tiwọn jáde, tí wọ́n fi orúkọ ẹkùn tí Luton wà sọ ọ́. Nígbà ogun Hitler, Bedford tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun ju 200,000 lọ. Ogun parí, ọkọ̀ kò parí. Èyí tó kù lọ́wọ́ ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, èyí tó tuntun sì ń jáde: irú kan lọ́dún 1950, òmíràn tó ní imú gígùn lọ́dún 1958, TK tí kò ní imú lọ́dún 1959. Káàkiri ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé lórí ni wọ́n kó wọn lọ. Títí di òní, ní ilẹ̀ Pakistan, àwọn Bedford onímú gígùn yẹn ṣì wà tí wọ́n ya òdòdó, ẹyẹ àti ojú ènìyàn sí lára láti òkè dé ilẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, odidi ọkọ̀ kọ́ ló máa ń dé. Irin ẹ̀yìn gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì àti iwájú ọkọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi máa ń já sílẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ló ń kan ìyókù. Wọn yóò gbé igi líle kalẹ̀, wọn yóò kan òrùlé, wọn yóò to àga pákó sínú rẹ̀, ó di bọ́lẹ̀kájà. Ẹ kúkú mọ bí orúkọ náà ṣe jẹ́: ìjà àwọn àgbèrò tó ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní gáréèjì ló bí i. Èrò wà nínú rẹ̀, àpò kòkó wà nínú rẹ̀, ewúrẹ́ àti adìẹ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn gbẹ́nàgbẹ́nà ni akọ̀wé ara mọ́tò yóò dé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà, tí yóò kọ "Ẹ̀dá Kò Láròpin" tàbí "Orí Ẹni" sí iwájú, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ojú olówó ọkọ̀ ti rí láyé bá ti rí. Ọwọ́ mẹ́ta ló ṣe bọ́lẹ̀kájà nígbà náà, ọwọ́ òyìnbó kan, ọwọ́ Yorùbá méjì. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ọkọ̀ òyìnbó lásán ni kò rò ó dáadáa.

Lẹ́yìn Bedford ni 911 dé, ọkọ̀ Mercedes láti Jámánì. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àdììtú: ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ni, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 110. Ẹ́ńjìnnì OM 352 tó wà nínú rẹ̀ ní písítìnì mẹ́fà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́fà. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní wáyà tó díjú, ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n lè tú u palẹ̀ kó sì tò ó padà lábẹ́ igi máńgòrò. Ìdí nìyẹn tó fi tàn kálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Anammco bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Mercedes pọ̀ ní Enúgu lọ́dún 1980. Ní Èkó, àwọn awẹ́dà wa gbé ara bọ́ọ̀sì lé 911 lórí, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ìyeyè, wọ́n fi ilà dúdú sí i, ó di mólúè.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jí òkú ọkọ̀ báyìí dìde? Níbí ni iṣẹ́ ti òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣeré àti ti ọ̀gá mẹkáníìkì wa ti pàdé, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gan láti ọdún gbọọrọ, ẹni tó mọṣẹ́ kò ní fi ipá yí i. Yóò tú nọ́súlù, yóò da epo sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí epo lè wọ ibi tí ríìngì ti dógùn-ún mọ́ irin. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ọ̀pá gígùn sún kiráńkì síwá sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí ó bá yí, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú ọ̀nà dísù, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn, a fi kí ó tú nọ́ọ̀tì ẹnu pọ́ǹpù díẹ̀, kí ó máa fi ọwọ́ fa epo títí ìfóòfó yóò fi tán pátápátá. Ọjọ́ tí èéfín funfun àkọ́kọ́ bá jáde, tí ẹ́ńjìnnì wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì wá mú un, àgbàlagbà ọkùnrin a máa jó níwájú ọkọ̀. Bákan náà ló rí ní Lancashire, bákan náà ló rí ní Mushin.

Wíwà rẹ̀ pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Jíà ayé àtijọ́ kò ní ohun tó ń bá ènìyàn mú eyín rẹ̀ dọ́gba. Awakọ̀ tó bá fẹ́ rẹ jíà sílẹ̀ níbi òkè yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò yọ jíà, yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò, yóò tẹ tọ́tù díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, yóò tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ó tó ti jíà kejì bọ̀ ọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, igbe tí irin yóò ké yóò mú kí àwọn tó dúró létí ọ̀nà bojú wẹ̀yìn. Etí ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ náà, ojú kọ́.

Ibi tí ọ̀nà ti pín ni ọ̀rọ̀ nípa ohun èlò. Kò sí ilé ìtajà tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ọdún 1935 mọ́. Nítorí náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀hún ń wá a kiri inú àká àti ẹ̀yìnkùlé àgbẹ̀. Ẹni tó bá rí rédíétọ̀ méjì yóò fún ẹlòmíràn ní ọ̀kan, ẹni tó mọ irin rọ yóò rọ tirẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè fi odidi alẹ́ jiyàn lórí pé irú àwọ̀ ewé wo ni ilé-iṣẹ́ kan kun ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1948. Ó lè dà bí iṣẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ṣùgbọ́n inú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ti ń pa mọ́. Ní Amẹ́ríkà náà, ẹgbẹ́ American Truck Historical Society wà láti ọdún 1971, Mack tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1953 sí 1966 sì wà lára àwọn ààyò wọn.

Ní tiwa, Ládípọ̀ ní Èkó tàbí Àráròmí ní Gate, Ìbàdàn, ni ọ̀gá yóò lọ. Bí kò bá rí ti ọkọ̀ náà gan-an, yóò ra ti òmíràn, yóò ní kí awẹ́dà jó o pọ̀, yóò ní kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìrọ́rin gbẹ́ búṣì rẹ̀ láti inú idẹ. Ọkọ̀ kan lè ní iwájú Bedford, ẹ́ńjìnnì Mercedes àti jíà tí ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá rẹ̀. Òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ ṣeré yóò gbọn orí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ kò lè dúró de bóòtù kan fún oṣù mẹ́fà, ọgbọ́n tó sì mú ọkọ̀ méjì tí kò bára tan ṣiṣẹ́ pọ̀ kì í ṣe ọgbọ́n kékeré.

Àwọn ará Cuba mọ èyí dáadáa. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti fòfin de òwò pẹ̀lú wọn lọ́dún 1962 ni wọ́n ti ń fi ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Rọ́ṣíà jí ọkọ̀ akẹ́rù Ford àti Chevrolet àwọn ọdún 1950 dìde, tí wọ́n ń kan àga sẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Bọ́lẹ̀kájà pọ́ńbélé ni! Ní erékùṣù tí wọ́n ṣì ti ń kí Ògún pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá rí i yóò rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí á fi ìfẹ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Bedford tó ń lọ sí Brighton ṣófo, ó sì ń rọra lọ. Agbégilódò tó gbé ìtì igi gbìrìgbìrì, tí ìjánu rẹ̀ ti rẹ̀, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò tàn, ikú ni lójú ọ̀nà. Eléyìí kò yẹ ní kíkẹ́. Ewu mìíràn wà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í mọ̀: páádì ìjánu ayé àtijọ́ ní asbestos nínú, ẹni tó bá ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku rẹ̀ dànù ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sára. Rọ́ọ̀mù táyà àtijọ́ tó ní òrùka irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Bí òrùka náà kò bá jókòó dáadáa nígbà tí fọ́gánáísà ń fẹ́ táyà, ó lè ta jáde bí ọta ìbọn. Inú àgò irin ló yẹ kí wọ́n ti máa fẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dúró ní iwájú rẹ̀.

Àkókò kò dúró. Ní ọdún 1987 ni General Motors ta ibi tí wọ́n ti ń ṣe Bedford ní Dunstable, nígbà tó sì di ọdún 1992, ẹni tó rà á ti wọ gbèsè. Ní ọdún 1995 ni Jámánì ṣíwọ́ ṣíṣe irú ọkọ̀ 911. Àwọn ọ̀gá tó fi etí nìkan mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì ti ń darúgbó, ọmọ iṣẹ́ òde òní sì fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ wo ọkọ̀ tuntun, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni owó wà. Ọdọọdún ni àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì ń pa ajá fún Ògún. Wole Soyinka kọ eré The Road, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1965, nípa àwọn awakọ̀ akẹ́rù àti àgbèrò. Ọkọ̀ kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ lọ́dún 1976, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ìdí tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé kòkó tí a fi kọ́lé, tí a fi rán ọmọ níléèwé, ẹ̀yìnkùlé ló wà, àwọn tó ń ra àjákù irin sì ń kanlẹ̀kùn.

Ìdílé tó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé lè ṣe ohun díẹ̀ kí ó tó pinnu. Kí wọ́n fi bíríkì gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n da omi rédíétọ̀ nù, kí wọ́n dí ẹnu ẹ́ńjìnnì kí òjò má baà wọlé. Kí wọ́n wá nọ́ńbà tí wọ́n lù mọ́ irin ẹ̀yìn ọkọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí nọ́ńbà yẹn lè fi ọjọ́ orí ọkọ̀ hàn. Kí wọ́n ya fọ́tò pákó iwájú pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sí i kí ikán tó jẹ ẹ́, kí wọ́n sì bi àgbà ilé léèrè ẹni tó kan ọkọ̀ náà, ẹni tó kun ún, àti ìlú tó máa ń ná.