Bí Kòrónà Ti Wọ Ìbàdàn, àti Ẹrù tí Ó Dì Lé Àwọn Ilé Ìwòsàn Lórí

Àwọn ìyá àgbà tí ó tọ́ wa kì í dárúkọ lùkúlùkú láìdákẹ́ díẹ̀. Ọ̀fìnkìn burúkú nì ni wọ́n ń sọ, èyí tí ọkọ̀ ojú omi tí à ń pè ní Bida gbé wọ Èkó láti Gold Coast ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918. Ojú irin ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901. Nítorí náà àrùn náà kò ní láti fi ẹsẹ̀ rìn. Ó wọ ọkọ̀ ní Èkó, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ sí ìhà Àríwá. A ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó pa ní Nàìjíríà.

Kòrónà ní tirẹ̀ ba ọkọ̀ òfuurufú wá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni a mọ ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní in ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan tí ó ti Milan dé sí Èkó, tí ó sì ti kọjá sí Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Kò pé oṣù kan, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, gómìnà kéde ẹni àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní Bódìjà. Kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: àdúgbò tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sí òkè òkun tí wọ́n sì ń bọ̀ ni irú àrùn bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ kàn.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà wa di ọ̀nà rẹ̀. Nínú oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ ka ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ léèwọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ̀ǹda fún ọkọ̀ oúnjẹ, nítorí ìlú kò lè jẹ afẹ́fẹ́; bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí owó rẹ̀ tó kò ṣàì rí awakọ̀ tí yóò gbé e lóru láti Èkó wá sí Challenge. Ẹni tí ó kó àrùn náà kì í sì í tètè mọ̀. Ó lè tó ọjọ́ méjì, ó sì lè tó mẹ́rìnlá, kí ara rẹ̀ tó gbóná. Ara àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbóná rárá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn, ikọ́ wọn, àti orin wọn pàápàá (kí àwọn akọrin wa má bínú) ń gbé e fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹrù wọ ilé ìwòsàn lọ́rùn, ibùsùn ni ọkàn wa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ wọ́n. Kí oṣù Kẹta náà tó parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesse Òtẹ́gbáyọ̀, olórí UCH fúnra rẹ̀, kéde pé òun ti ní àrùn náà. Ní ọjọ́ 30, Gómìnà Ṣèyí Mákindé kéde tirẹ̀. Ẹ rò ó wò: bí dókítà kan bá kó o, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, tí wọ́n ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́kípẹ́kí, ní láti ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìjọba ìpínlẹ̀ ya ilé ìtọ́jú kan sọ́tọ̀ ní Olódó fún àwọn tí ó ní in, èyí tí ó dára. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà kò lè ṣe láìsí òṣìṣẹ́. Owó ewu iṣẹ́ dókítà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà jẹ́ 5,000 náírà lóṣù, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú kò sì tó. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, àwọn dókítà tí ó ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan jákèjádò Nàìjíríà. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n a kò lè dá wọn lẹ́bi tán.

Àwọn tí kò ní kòrónà rárá san nínú gbèsè yìí. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù náà, ikọ́ fée mú arábìnrin kan nínú ìjọ wa, tí ń gbé ní Agbowó. Ilé ìwòsàn méjì ni a gbé e dé. Nítorí pé ó ń wúkọ́, wọn kò ṣí géètì fún wa. Ìkẹta ṣí i, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ìwọ̀nba wa díẹ̀ ni ó sin ín. Ẹni tí ó bá wa sọ̀rọ̀ láti inú géètì kejì ń sunkún, aṣọ orí rẹ̀ ni ó sì fi bo imú.