Ẹ̀sìn àti Ìtajà: Ọmọ Ta Ni A Ó Gbà sí Iṣẹ́?

Inú ilé mi ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ohùn mi bá le níbì kan, ẹ foríjì mí.

Ọmọbìnrin mi kejì lọ wá iṣẹ́ akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ring Road. Wọ́n dán an wò nínú ìṣirò, ó yege. Wọ́n sọ iye owó oṣù fún un. Ìgbà tí ó dìde láti máa lọ ni ọ̀gá ibẹ̀ nawọ́ sí híjáàbù orí rẹ̀ pé kí ó má ṣe wọ èyí wá ní ọjọ́ Ajé, pé àwọn oníbàárà òun kò fẹ́ ẹ. Ọmọ náà padà wálé, kò jẹun. Mo gbé agbádá wọ̀, mo tọ ọkùnrin náà lọ. Kò bú mi. Ó fún mi ní àga, ó ní, "Àlùfáà, owó mi ni mo fi dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wù mí ni mo lè gbà." Mo dá a lóhùn pé òfin ilẹ̀ wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí Alhaji kan nínú ìjọ wa, tí ń ta pákó ní Bódìjà, fi pè mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ pé kí n bá òun kọ ìkéde kan sára páálí, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ohun tí ó fẹ́ kí n kọ nìyí: "A ń wá akọ̀wé. Mùsùlùmí nìkan." Mo ti kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tán kí ọwọ́ mi tó dúró.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo kọ irú rẹ̀ fún onílé kan ní Agbowó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ti ń wá yàrá, ọkàn mi kò sì dá mi lẹ́bi. Mo tilẹ̀ ṣe àdúà sí páálí náà.

Mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà tọ lọ́yà kan tí ń kírun lọ́dọ̀ wa lọ. Ohun tí ó fi hàn mí yà mí lẹ́nu. Abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn. Abala 42 kọ̀ kí a fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka abala 42 náà dáadáa: òfin àti ìṣe ìjọba ni ó dárúkọ, kò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù. Àwa ará Ìbàdàn kò gbàgbé oṣù Kọkànlá 2018, nígbà tí International School inú Yunifásítì ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ nítorí híjáàbù. A kò sì gbàgbé ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022, tí adájọ́ 5 nínú 7 ní Supreme Court dá àwọn ọmọ wa láre nínú ẹjọ́ híjáàbù ti Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ẹjọ́ yẹn dá lé. Ayọ̀ tí a yọ̀ lọ́jọ́ náà kò dé Ring Road.

Àwọn aṣòfin mọ bí a ti í de oníṣòwò. Òfin 2014 kò jẹ́ kí ọ̀gá kankan lé òṣìṣẹ́ nítorí kòkòrò HIV. Èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 sọ bákan náà nípa àwọn aláàbọ̀ ara. Irú rẹ̀ tí ó dá dúró fún ẹ̀sìn kò sí. Ohun tí ó kù ni National Industrial Court, kóòtù tí ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́. Àtúnṣe 2010 sí ìwé òfin fún un lágbára lórí irú ìyà yìí níbi iṣẹ́, ó sì lè wo àdéhùn 111 ti ẹgbẹ́ ILO, ti 1958, tí Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀, tí ó sì dárúkọ ẹ̀sìn ní kedere. Ọ̀nà ni, ṣùgbọ́n ó tóóró, ó sì ń ná ni lówó.

Ní Amẹ́ríkà, òfin 1964 ti de ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ilé aṣọ Abercrombie & Fitch kọ̀ láti gba ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan, Samantha Elauf, sí iṣẹ́ ní Oklahoma ní 2008 nítorí ìborí rẹ̀. Ní 2015, adájọ́ 8 nínú 9 dá a láre. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Lọ́yà wa rẹ́rìn-ín, ó ní òfin kan náà ni yóò mú Alhaji onípákó, bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ó ti ń tajà, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì tó 15.

Mo padà lọ bá Alhaji. Ó ní, "Àlùfáà, ẹni tí kò sin Ọlọ́run bí mo ti ń sìn ín, báwo ni yóò ṣe bẹ̀rù owó mi?" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Mo rán an létí ìgbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ń kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Àwọn ọ̀tá ń wá a kiri. Ta ni òun àti Àbúbákárì gbà kí ó mọ̀nà fún wọn? Abdullahi ọmọ Uraikiti, abọ̀rìṣà ni. Wọ́n fa ràkúnmí wọn lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó wá pàdé àwọn ní ihò òkè Saori lẹ́yìn òru mẹ́ta. Ó wá. Ẹ̀mí ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, kì í ṣe pákó. Mo tún bi Alhaji pé, ẹni tí ó kó owó yín lọ ní èṣí ńkọ́? Ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́, nítorí ọmọ ilé kéwú mi ni.

Èmi kò sọ pé kí a gba Onígbàgbọ́ láti pe ìrun tàbí láti kọ́ ọmọ ní kéwú. Ẹ̀sìn gan-an ni iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Kò sì yẹ kí òfin kankan fi tipátipá mú Alhaji ta ọtí. Bí òfin tuntun bá ń bọ̀, kí ó fi àyè yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a ka iye pákó, kí ni ó kan kìbíláà níbẹ̀? Mo fẹ́ kí ọ̀gá Ring Road fi híjáàbù ọmọ mi sílẹ̀, kí ó sì yọ̀ǹda wákàtí Jímọ̀ọ̀ fún un. Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́, bí Alhaji tèmi kò bá lè yọ̀ǹda òwúrọ̀ Sọ́ńdè fún ọmọ ẹlòmíràn?

Níkẹyìn ó jẹ́ kí n ya páálí náà. Mo kọ òmíràn: "A ń wá akọ̀wé tí ó mọ ìṣirò, tí ó sì ṣeé fọkàn tán." Ó wò ó títí, ó ní kí n fi kún un pé ẹni náà gbọ́dọ̀ máa tètè dé. Mo fi kún un. Títí di àná, ènìyàn mẹ́ta ti wá béèrè. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Sunday, Alhaji sì ní kí ó padà wá ní ọjọ́ Ajé fún ìdánwò. Ọmọ tèmi ṣì ń wá iṣẹ́.