ÒÓRÙN FÚN ẸJA, TÙRÀRÍ FÚN ÀWỌ̀N: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Onígbàgbọ́ Fi Nǹkan Sí Ìwọ̀ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè kéré lójú ẹni tí ń ra ẹja jẹ ní ọjà Mile 12, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ó tú ilé kan ká.

Arákùnrin kan wà láàrin wa ní Kétu tí ń fi ìwọ̀ pẹja. Kí ó tó mọ Olúwa, kì í ju ìwọ̀ sómi láìfi oògùn pa á. Ní ọjọ́ tí ó gbàgbọ́, ó kó gbogbo oògùn náà jáde, a sì dáná sun wọ́n. Láìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ti òkè òkun dé fún un ní ìwọ̀ mélòó kan, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní jig. Òjé ni orí rẹ̀. Wọ́n sì fi ọwọ́ wé òwú àti ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ọn, tí ó fi dà bí edé tàbí ẹja kékeré nínú omi. Ọ̀rẹ́ náà fi ìgò kékeré kan kún un, ohun olóòórùn tí a ó máa fi pa ìwọ̀ náà lára.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣí ìgò yìí, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ ti padà sí ibi tí Olúwa ti fà yín yọ ni?" Ọkọ ní òórùn lásán ni. Ìyàwó ní òun kò gbà. Ni wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ wá wá. A rí i pé ìbéèrè méjì ni: Ǹjẹ́ ó wúlò? Ǹjẹ́ ó tọ́?

ǸJẸ́ Ó WÚLÒ?

Irun gígùn tí ó wà lẹ́nu àrọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹlẹ́dàá fi í síbẹ̀ kí ó lè máa fi tọ́ oúnjẹ wò. Kódà, awọ ara àrọ̀ pàápàá ń mọ adùn, bí ahọ́n tiwa ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ó fi lè jẹun lóru, àti nínú omi tí ó rú. Ẹja sì ní ihò imú. Kì í fi í mí, òórùn ni ó ń fi í gbọ́.

Ẹ wo odò Ògùn tiwa yìí. Ó ti òkè Ọ̀yọ́ wá, ó gba Abẹ́òkúta àti Ìṣẹ̀rì kọjá, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Mile 12 àti Agbóyì, tí ó sì wọ inú ọ̀sà. Nígbà òjò, tàbí nígbà tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983, omi Kétu àti Àjẹ́gúnlẹ̀ a máa pọ́n bí ẹrẹ̀. Bí ìyẹ́ ara ìwọ̀ ti wù kí ó lẹ́wà tó, ẹja wo ni yóò rí i níbẹ̀? Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ègé ekòló tàbí edé ní ẹnu ìwọ̀ ń ṣe iṣẹ́ ńlá, pàápàá fún àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi iyọ̀ bá gòkè wọ ọ̀sà tí omi sì mọ́, ẹja bíi kúta tí ń fi ojú ṣọdẹ kò bèèrè òórùn. Bí ìwọ̀ náà ṣe ń rìn nínú omi ti tó fún un.

Èyí kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Àwọn apẹja ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà a máa fi ègé ọṣẹ ìfọṣọ ṣe ìdẹ fún ọ̀bọ̀kún. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, òǹkọ̀wé Aelian kọ̀wé nípa àwọn apẹja Makedóníà, ilẹ̀ tí Pọ́ọ̀lù rékọjá lọ wàásù, pé wọ́n ń wé òwú pupa àti ìyẹ́ àkùkọ mọ́ ìwọ̀, nítorí pé eṣinṣin gidi tí ẹja fẹ́ràn a máa bàjẹ́ bí ọwọ́ ènìyàn bá kàn án.

Ẹni tí yóò bá fi nǹkan sí i, ẹ jẹ́ kí ó kíyè sí nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ohun tí ó bá yòrò nínú omi ni imú ẹja ń gbọ́. Òróró lásán a máa léfòó lọ. Edé tí a gún, tí a fi omi rẹ̀ rẹ ìyẹ́ ìwọ̀ náà, lè ṣe iṣẹ́ tí ìgò olówó ńlá ń ṣe. Omi yóò sì fọ̀ ọ́ dànù, nítorí náà a ní láti máa tún un ṣe. Èkejì, kí ègé ìdẹ kéré. Bí ó bá tóbi jù, ìyẹ́ kò ní lè mì mọ́, iṣẹ́ ẹni tí ó wé e ti di asán. Ẹ̀kẹta, ẹja a máa gbé ìdẹ gidi mì wọnú ikùn ju ìyẹ́ lásán lọ. Ẹja kékeré tí ẹ fẹ́ dá padà sómi kí ó lè dàgbà lè tipa bẹ́ẹ̀ kú.

ǸJẸ́ Ó TỌ́?

Nínú Mátíù 17:27, Olúwa wa rán Pétérù lọ ju ìwọ̀ sínú òkun. Ibẹ̀ nìkan ni a ti ka nípa ìwọ̀ ẹja nínú Májẹ̀mú Tuntun. Bíbélì kò sọ ohun tí Pétérù fi sí i, ṣùgbọ́n Jésù kò kórìíra irinṣẹ́ apẹja. Ẹ wá ka Hábákúkù 1:16. Àwọn tí wòlíì náà ń sọ níbẹ̀ ń rúbọ sí àwọ̀n wọn, wọ́n ń sun tùràrí fún un, nítorí wọ́n rò pé òun ni ó sọ oúnjẹ wọn di ọ̀pọ̀.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyí. Òórùn tí ìdẹ ní, ẹja ni a ṣe é fún. Òórùn tùràrí, àwọ̀n ni wọ́n ṣe é fún. Èkíní jẹ́ lílo ohun tí Ọlọ́run dá sára ẹja. Èkejì jẹ́ fífi irinṣẹ́ ṣe Ọlọ́run. Oògùn tí arákùnrin wa sun níná jẹ́ ti èkejì. Ẹni tí ó bá sì ń gbàdúrà sí ìgò òórùn lónìí, tí ọkàn rẹ̀ ń já bí ó bá gbàgbé rẹ̀ sílé, kí ó ṣọ́ra: ó ti ń sun tùràrí láìmọ̀.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe ìdẹ rárá. Àwọn kan a máa da Gammalin 20, oògùn kòkòrò inú oko kòkó, sínú omi. Májèlé ni. Òfin ẹja òkun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 ka fífi májèlé pa ẹja léèwọ̀. Ẹja ńlá kú, ọmọ ẹja kú, ọmọ aládùúgbò sì jẹ ẹ́. Onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ rà á.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE PARÍ

A jókòó ti tọkọtaya náà, a sì jọ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò: omi ara ẹja àti edé ni. A wá bi ọkọ ní ìbéèrè mẹ́ta tí olúkúlùkù apẹja lè bi ara rẹ̀. Ṣé ohun tí ẹja ń jẹ ni? Ṣé o lè lò ó lójú ìyàwó àti ọmọ rẹ, láìpa á mọ́? Ṣé o lè gbé ẹja náà síwájú ọmọ rẹ kí ó jẹ ẹ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. A sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, pé ẹkún ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀kan, ìfẹ́ ni. Ẹni tí iná ti jó rí, ará ilé rẹ̀ yóò máa ṣọ́ èéfín. Ó yẹ kí ó ti fi ìgò náà hàn án kí ó tó gbé e wọlé. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú wa. Nísinsin yìí, ìyàwó ni ó ń gún edé tí ọkọ ń gbé lọ sódò.

Ẹ̀kọ́ kan kù fún gbogbo wa. Nígbà tí Jésù pe Pétérù àti Áńdérù láti di apẹja ènìyàn, àwọ̀n ni wọ́n ń jù, kì í ṣe ìwọ̀. Irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò ní ìdẹ. Ẹja ni a lè fi ìyẹ́ tàn, a kò gbọdọ̀ tan ọkàn ènìyàn. Bí a bá ń fi ìlérí owó àti ọkọ̀ pa ìyìn rere lára kí èrò lè pọ̀, ìwọ̀ ni a ń fi pamọ́ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a ju àwọ̀n náà bí Olúwa ṣe fún wa.

Kí Olúwa bù kún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo apẹja àárín wa, kí Ó sì pa ìfẹ́ mọ́ nínú ilé wa. Àmín.