Sitirọ́bẹ́rì búlúù tí àbúrò mi rà

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ìpè WhatsApp wọlé. Àbúrò mi obìnrin ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé nípa ewéko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan." Ó fi àwòrán ránṣẹ́: ike mẹ́fà tó kún fún iyẹ̀pẹ̀, tí tẹ̀tẹ̀ hù sínú méjì nínú wọn. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó ti gbin irúgbìn sitirọ́bẹ́rì tó rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦15,000. Páálí kan jẹ́ pupa, ìkejì jẹ́ búlúù. Ẹni tó tà á fún un ti bulọ́ọ̀kù rẹ̀. Owó irun dídì tó fi oṣù méjì kó jọ ni o. Ó ti ń ṣírò iye tó máa tà á fún àwọn tó ń ṣe kéèkì ní Ìbàdàn.

Ẹ̀rín fẹ́ kọ́kọ́ pa mí nítorí búlúù yẹn. Kò sí sitirọ́bẹ́rì búlúù. Èròjà kan tó ń jẹ́ pelargonidin ló ń fún un ní àwọ̀ pupa, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ń kun èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí lórí ìpolówó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò jáde. Ká tiẹ̀ ní irúgbìn pupa yẹn jẹ́ ojúlówó, tó sì hù, èso tó wà nínú àwòrán kọ́ ni ì bá rí. Àlàyé ìyẹn gba gbogbo dátà mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún ẹ̀yin náà.

Ẹ mú sitirọ́bẹ́rì kan, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Àwọn kóró wíńníwínní tó wà lára rẹ̀ níta, tó máa ń há sí èèyàn léyín, gbogbo wa là ń pè é ní irúgbìn. Kì í ṣe irúgbìn. Èso ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ odidi èso, irúgbìn ẹyọ kan ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè tó 200 lára sitirọ́bẹ́rì kan ṣoṣo. Ẹran pupa tó dùn yẹn ńkọ́? Ìdí òdòdó ni, ìyẹn orí ọ̀pá tí òdòdó jókòó lé, tó wú.

Ẹni tó bá ti jẹ kajú rí, kò yẹ kí èyí yà á lẹ́nu. Èso kajú gan-an ni kóró tó rọ̀ sísàlẹ̀, èyí tí a ń sun. Ohun tí à ń fa omi rẹ̀ mu, tó máa ń ba aṣọ funfun jẹ́, ọ̀pá òdòdó tó wú ni òun náà. Kajú àti sitirọ́bẹ́rì kò sì bá ara wọn tan rárá. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n dá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí Jean-Pierre Nitsch ṣe, tó sì tẹ̀ jáde ní 1950. Ó mú sitirọ́bẹ́rì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, ó yọ gbogbo kóró ara rẹ̀ kúrò. Sitirọ́bẹ́rì náà ò dàgbà mọ́. Ó fi díẹ̀ sílẹ̀ lójú kan lára òmíràn, ibẹ̀ nìkan ló wú. Ó tún yọ gbogbo rẹ̀ lára òmíràn, ó wá fi ìpara tó po auxin mọ́ pa á lára. Auxin ni họ́mọ̀nù tó ń mú ewéko dàgbà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wú padà nìyẹn! Àwọn kóró yẹn ló ń pàṣẹ fún ẹran pupa pé kó máa wú. Ìdí nìyẹn tí òmíràn fi máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ: níbi tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó kò dé, kóró ibẹ̀ ò ní irúgbìn nínú, kò sì sí ẹni tó máa pàṣẹ.

Orúkọ "bẹ́rì" tó ń jẹ́ yẹn náà, irọ́ ni. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko, bẹ́rì ni èso tó ti inú ilé ẹyin òdòdó kan wá, tó ní ẹran, tí irúgbìn sì wà nínú rẹ̀. Tòmátì jẹ́ bẹ́rì. Ata jẹ́ bẹ́rì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti agbálùmọ̀, bẹ́rì ni wọ́n. Àwọn ìbátan sitirọ́bẹ́rì gan-an ni òdòdó róòsì, ápù, álímọ́ńdì àti píà. (Kì í ṣe píà tí à ń fi jẹ búrẹ́dì o, ìyẹn wá láti ìdílé mìíràn. Igi furúùtù tí à ń fọ́ kóró rẹ̀ jẹ ní kékeré náà kì í ṣe ẹbí álímọ́ńdì.)

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ₦15,000. Sitirọ́bẹ́rì tí à ń rà lónìí kò sí nínú igbó kankan rí kó tó di nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn. Ní 1712, ọba ilẹ̀ Faransé rán ọ̀gágun kan tó jẹ́ ẹnjiníà lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà kó lọ ṣe amí àwọn odi ogun Sípéènì. Orúkọ rẹ̀ ni Amédée-François Frézier, orúkọ yẹn sì jọ "fraise," tí àwọn Faransé ń pe sitirọ́bẹ́rì. Ní Concepción, ní Ṣílè, ó rí irú kan tí èso rẹ̀ tóbi gan-an, tí àwọn Mapuche ti ń gbìn tipẹ́ kí àwọn ará Sípéènì tó dé. Ó kó díẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n lò lórí òkun, omi mímu ò tó, síbẹ̀ márùn-ún yè é dé ilé ní 1714.

Wọ́n gbìn ín, wọn ò rí èso. Èso ńláńlá ló wọ Frézier lójú, irú ti Ṣílè yìí sì ní akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Abo nìkan ni bàbá yìí kó wálé! Ìgbà tí wọ́n gbìn wọ́n sítòsí irú mìíràn tó ti Àríwá Amẹ́ríkà wá ni wọ́n tó so, ọmọ àwọn méjèèjì sì ni sitirọ́bẹ́rì òde òní. Antoine Nicolas Duchesne ló sọ ọ́ jáde nínú ìwé ní 1766, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń jẹ́ dòní ni Fragaria × ananassa, nítorí pé ó jọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó.

Ọmọ àdàlù yìí gbé ẹrù. Èmi àti ẹ̀yin, ìdì kúrómósóòmù méjì la ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Sitirọ́bẹ́rì ní ìdì mẹ́jọ, 56 lápapọ̀. Bí ẹ bá gbin kóró rẹ̀, ńṣe ni gbogbo ẹrù yìí máa pòpọ̀ lọ́tun, ọmọ kan ò sì ní jọ ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í fi gbin kóró. Ewéko náà máa ń na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ilẹ̀, ibi tí okùn náà bá ti fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ ló máa ta gbòǹgbò, tó máa di ọmọ. Ìyẹn ni wọ́n ń gé gbìn, bí a ṣe ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ara ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ẹ wá ń sọ pé kí n lọ wá ọmọ rẹ̀ rà ni?" Àbúrò mi ò gbọ́ apá tó kù mọ́ jàre. Mo sọ fún un pé Jos ni wọ́n ti ń gbìn ín, torí òkè ni ibẹ̀, òtútù sì wà. Ooru máa ń dènà òdòdó rẹ̀. Okùn nìkan ló máa ń fẹ́ nà ṣáá.

Ó bẹ ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Jos, ó rí ẹyọ kan gbà. Ojú fèrèsé yàrá rẹ̀ ló wà báyìí. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Sátidé: ó ti bí ọmọ mẹ́rin, kò tíì yọ òdòdó kankan.