Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Fídíò tó tú SARS ká

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 2020 ni fídíò kan láti Ughelli, ní ìpínlẹ̀ Delta, gbòde kan. Wọ́n ní SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ló yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀. Ọlọ́pàá ní irọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ tú síta láti fẹ̀hónú hàn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 11, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Mohammed Adamu, ti tú SARS ká.

Ará Ìkirè àti Àpòmù tó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ bí ọlọ́pàá ṣe ń dá ọkọ̀ dúró. Bí wọ́n bá dá èèyàn dúró, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ya fídíò wọn lẹ́nu iṣẹ́? Rárá o. Muyiwa Adejobi, agbẹnusọ ọlọ́pàá nígbà kan, fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Abala 84 Òfin Ẹ̀rí 2011 gba fídíò wọlé ẹjọ́, bí ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi yà á bá tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni kò fi yẹ kéèyàn pa fídíò tó yà rẹ́ lórí fóònù tó fi yà á, kódà tó bá ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.