Ṣé Títà ni Àbí Ìṣípò? Àwọn Ìperí fún Ìṣípò Agbábọ́ọ̀lù àti Ìwé Àṣẹ Iṣẹ́ ní Òkè Òkun

Bí oṣù kẹfà ọdún bá ti ń parí lọ, ìròyìn agbábọ́ọ̀lù tí "wọ́n fẹ́ tà" tàbí tí "wọ́n ti rà" a gba orí rédíò kan. Tọmọdé tàgbà ni ó ń fetí sí i. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní ti eré lásán: ìwé àdéhùn wà nídìí rẹ̀, òfin ìwọ̀lú wà nídìí rẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ọmọ wa sì wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí kò tíì bojú wo ibẹ̀ tó. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò sí ẹni tí ó lè retí pé kí ó pèsè ọ̀rọ̀ fún òwò bọ́ọ̀lù. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wò. Èyí tí ó bá tọ̀nà, a óò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá lè ṣi ènìyàn lọ́nà, a óò dábàá òmíràn dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí "rà" àti "tà". Nínú èdè Yorùbá, ohun tí a bá rà di ti ẹni tí ó rà á. Ẹni tí ó ra ewúrẹ́ lè pa á jẹ. Bí a bá sì sọ pé a ra ènìyàn, ẹrú ni etí àgbà ń gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù ni ẹgbẹ́ kan ń tà fún ẹgbẹ́ kejì. Àdéhùn iye ọdún kan ni ó wà láàárín agbábọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá fẹ́ ẹ kí ọdún náà tó pé, yóò san owó kí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lè yọ̀ǹda rẹ̀, wọn yóò sì gbé orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́ kan sí ti èkejì. Bí agbábọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ bá kọ̀, kò sí iye owó tí ó lè gbé e lọ. Owó ìyọ̀ǹda ni owó náà, kì í ṣe owó ọjà.

A kò sọ pé ọ̀rọ̀ "tà" kò ní ìtàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà kan, ẹgbẹ́ lè di orúkọ agbábọ́ọ̀lù mú lẹ́yìn tí àdéhùn rẹ̀ ti parí, kí ó má sì jẹ́ kí ó lọ ibòmíràn. George Eastham ni ó gbé Newcastle United lọ sí ilé-ẹjọ́ lórí ọ̀ràn yìí; ní 1963, adájọ́ sọ pé irú ìdènà bẹ́ẹ̀ lòdì sí òmìnira òṣìṣẹ́ láti ṣiṣẹ́. Ọ̀ràn náà kò tán síbẹ̀. Ní 1990, àdéhùn Jean-Marc Bosman pẹ̀lú ẹgbẹ́ Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù parí, ó fẹ́ lọ sí Dunkerque ní Faransé, ṣùgbọ́n owó tí Liège bèèrè dí i lọ́nà. Ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1995 ni Ilé-ẹjọ́ Àpapọ̀ Yúróòpù tó dá ẹjọ́ náà: ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ gba owó kankan lórí ọmọ orílẹ̀-èdè Àpapọ̀ náà tí àdéhùn rẹ̀ ti parí, tí ó sì fẹ́ lọ sí ẹgbẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn nínú Àpapọ̀ yẹn. Bí ẹni ìgbà Eastham bá sọ pé wọ́n ń ta agbábọ́ọ̀lù, a kò ní bá a jiyàn púpọ̀. Ẹni òde òní tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ ohun tí òfin ti kọ̀ sílẹ̀.

Ìṣípò ni ọ̀rọ̀ tí a fara mọ́. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba ni, níbi tí ọ̀gá ti ń ṣí olùkọ́ nípò láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí gbólóhùn náà ṣe rí: a lè sọ pé "wọ́n ṣí i nípò", a sì lè sọ pé "ó ṣípò". Ìperí náà kò sọ ẹni tí ó pilẹ̀ ìrìn náà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn bọ́ọ̀lù sì ṣe rí, nítorí pé nígbà mìíràn ẹgbẹ́ ni ó fẹ́, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ni. Láti inú rẹ̀ ni a ti lè rí owó ìṣípò àti sáà ìṣípò. Nípa sáà yìí, a ti gbọ́ "fèrèsé ìṣípò" lẹ́nu àwọn kan. Kò dára. Ẹni tí ó ń gba ojú fèrèsé wọlé láàárín àwa Yorùbá, a mọ orúkọ tí à ń pè é.

Ìṣípò tún ní ẹ̀yà kan tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò, èyí ni kí ẹgbẹ́ kan fi agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ fún òmíràn fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àgbà a máa ya "wín" àti "yá" sọ́tọ̀. Owó tàbí iyọ̀ ni à ń wín, nítorí pé a óò ná an tàbí a óò jẹ ẹ́, irú rẹ̀ ni a óò sì dá padà. Ọkọ́ tàbí aṣọ ni à ń yá, nítorí pé òun náà gan-an ni yóò padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi "yá" ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn wúlò fún wa níhìn-ín: agbábọ́ọ̀lù àyálò ni ó tọ̀nà. Ìwọ̀fà kò bá a mu rárá, nítorí pé gbèsè ni ó ń gbé ìwọ̀fà lọ sóko olówó, kò sì sí gbèsè nínú èyí. (Ẹni tí ó bá rántí pé àwa onímọ̀ èdè náà ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀-àyálò lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwa kì í dá tiwa padà.)

Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi ìwúlò ọ̀rọ̀ yìí hàn tó ọmọ Ìlọrin nì, Táíwò Awóníyì. Ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ ní 2013. Ní oṣù Kẹjọ 2015, Liverpool gbà á wọlé. Láti ọjọ́ náà títí di 2021, kò gbá ìdíje kan fún Liverpool. Wọ́n fi í yá Frankfurt, wọ́n fi í yá Nijmegen, wọ́n fi í yá Mouscron, lẹ́yìn náà Gent, Mouscron lẹ́ẹ̀kejì, Mainz, àti Union Berlin. Ìgbà méje ni, ní Jámánì, Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù. Kì í ṣe pé kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni kò rí gbà. Ní 2021 tí ọ̀nà ìwé náà là fún un, Liverpool ti ṣetán láti jẹ́ kí ó lọ, Union Berlin ni ó sì gbà á. Ní 2022 ni Nottingham Forest mú un padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá Líìgì Premier, ọdún méje lẹ́yìn tí ó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé níbẹ̀. Ti Henry Onyekuru fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ èyí: ó wà lára àwọn tí góòlù wọn pọ̀ jù ní Bẹ́ljíọ̀mù nígbà tí Everton gbà á ní 2017, Anderlecht àti Galatasaray ni wọ́n fi í yá, ó sì lọ sí Monaco ní 2019 láìgbá ìdíje kan fún Everton.

Kí ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ yìí? Nígbà tí Teslim Balogun lọ sí Peterborough United ní 1955, tí ó sì lọ sí Queens Park Rangers ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ni, kò sì nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òfin 1962 lórí àwọn tí ó ń ti ilẹ̀ Kọ́mọ́núwẹ́ẹ̀tì wọlé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn náà. Ìperí kan ṣoṣo ni àwọn oníròyìn ń lò fún ohun tí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí lónìí, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni. Èkínní ni ìfọwọ́sí tí Àjọ Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún ẹni tí ó bá kún ojú òṣùwọ̀n. Èkejì ni ìwé onígbọ̀wọ́ tí ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ gbà á ń pèsè. Ẹ̀kẹta ni físà, tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ibi ìfọwọ́sí yìí ni ọ̀pọ̀ ìṣípò ti ń forí ṣánpọ́n, nítorí náà a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó sọnù sínú "ìwé àṣẹ iṣẹ́" lásán.

Òṣùwọ̀n náà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí 2015 tó dé, agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti gbá ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìdíje orílẹ̀-èdè rẹ̀ láàárín ọdún méjì, orílẹ̀-èdè náà sì gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn 70 àkọ́kọ́ ní àgbáyé. Ní 2015, wọ́n fà á sí 50 àkọ́kọ́, wọ́n sì pín ìdá náà sí ìsọ̀rí: ìdá 30 fún orílẹ̀-èdè tí ó wà ní ipò 1 sí 10, ìdá 45 fún 11 sí 20, ìdá 60 fún 21 sí 30, ìdá 75 fún 31 sí 50. Ẹ ò rí i pé bí orílẹ̀-èdè bá ṣe kéré tó ni ẹrù ọmọ rẹ̀ ń wúwo tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin bí Awóníyì, tí kò tíì gbá fún Super Eagles àgbà rí, kò ní ibi tí yóò gbà.

Láti oṣù Kìíní 2021, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde kúrò nínú Àpapọ̀ Yúróòpù, máàkì ni wọ́n ń kà, àwọn ọmọ Faransé àti Jámánì náà sì wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú tiwa. Máàkì 15 ni ó ń ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá ní 10 sí 14 lè lọ ro ẹjọ́ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ìdíje tí ẹnì kan gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní máàkì, ṣùgbọ́n ipò líìgì tí ó ti ń bọ̀ ṣe kókó. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín líìgì ayé sí. Ti Jámánì wà ní ìpele kìíní, ti Nàìjíríà wà ní ẹ̀kẹfà. Ìdí nìyí tí ọdún kan ní Union Berlin fi lè ṣe fún ènìyàn ohun tí ọdún mẹ́wàá nílé kò lè ṣe. Ní 2023, wọ́n fi àyè díẹ̀ kún un: ẹgbẹ́ Líìgì Premier lè gba ẹni mẹ́rin, ó pọ̀ jù, tí kò kún òṣùwọ̀n, bí ó bá ń lo àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó. Ìyọ̀ǹda àkànṣe ni a ó pe èyí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìròyìn. Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ohun tí a kò rí àrídájú rẹ̀. Àhesọ ni ọ̀rọ̀ tí a he nílẹ̀ tí a sì sọ. Àgbọ́sọ ni èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹni tí ó he nǹkan kò mọ ẹni tí ó sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ ẹni tí ó sọ fún un. A dábàá pé kí àhesọ jẹ́ ti ìròyìn ìṣípò tí kò ní orísun, kí àgbọ́sọ jẹ́ ti èyí tí oníròyìn lè dárúkọ orísun rẹ̀. Ó tún yẹ kí a ya ìfẹnukò sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọwọ́bọ̀wé, nítorí pé ẹnu lè kò kí ọwọ́ má tíì kan ìwé. Kódà ìtọwọ́bọ̀wé pàápàá kò tíì parí ọ̀ràn. Ní oṣù Kẹrin 2005, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí Mikel Obi pé ọmọ ọdún 18, Manchester United kéde pé ó ti tọwọ́ bọ ìwé àwọn. Chelsea ní àwọn ti bá a ṣe àdéhùn ṣáájú. Ọdún 2006 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀: Chelsea san mílíọ̀nù pọ́n-ùn 12 fún Manchester United, àti mílíọ̀nù 4 fún Lyn ti Norway tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì di ti Chelsea.

Ọjọ́ orí 18 yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣípò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àfi fún àwọn ìdí díẹ̀, bí àpẹẹrẹ bí àwọn òbí rẹ̀ bá kó lọ sí ibẹ̀ fún ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá bá òbí pé ẹgbẹ́ kan ní òkè òkun fẹ́ gba ọmọ òun tí ó jẹ́ ọdún 15, kí òbí sì mú owó wá, àhesọ ni onítọ̀hún ń tà. Ọ̀rọ̀ tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Alágbàtà ń gba ọjà ọlọ́jà, ó ń fi èrè tirẹ̀ lé e; alárinà ń dúró láàárín ẹni méjì; aṣojú ń dúró fún ẹnì kan ṣoṣo. Láti 2023, FIFA tún ń béèrè pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yege nínú ìdánwò kí ó tó gba ìwé-àṣẹ. Aṣojú agbábọ́ọ̀lù ni kí a máa pe ẹni tí ó bá ní ìwé náà, kí a fi alágbàtà sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń ṣe bí ẹni ń ta iṣu.

Ó ku owó kan tí àwọn ẹgbẹ́ wa kékeré kì í sábà mọ̀ nípa rẹ̀ nítorí pé kò ní orúkọ lẹ́nu wọn. Bí owó ìṣípò bá ti kọjá láàárín ẹgbẹ́ méjì ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí àdéhùn tó parí, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ agbábọ́ọ̀lù náà láti ọdún 12 sí 23. Owó ìtọ́dàgbà ni a pè é. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 sókè, ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí owó ìṣípò bá jẹ́ mílíọ̀nù pọ́n-ùn 10, ẹgbẹ́ àdúgbò tí ó tọ́ ọmọ náà ní ọdún 16 àti 17 ní ẹ̀tọ́ sí 100,000 pọ́n-ùn. Ìwé kan ni ó ń fi ẹ̀rí èyí hàn, tí ó to orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ tí ọmọ náà ti gbá láti ọdún 12. Páásípọ̀ọ̀tù agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é ní òkè òkun. Àwa ń dábàá ìwé ìtàn ìgbábọ́ọ̀lù, nítorí pé bàbá tí ó bá gbọ́ "páásípọ̀ọ̀tù" yóò gba ọ́fíìsì ìjọba lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò rẹ̀ ni ìwé náà ti ń bẹ̀rẹ̀, bí akọ̀wé náà bá kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.